Owó Ìrántí Ìyá Wa: Ká Fi Ra Báàgì Ni, Àbí Ká Fi Gba Tísà?

ỌMỌ TÍSÀ bèèrè:

Ìyá wa ṣe tísà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ní Múṣín fún ọdún 31 kó tó fẹ̀yìn tì. Lọ́dún tó kọjá ló dágbére fáyé. Ọmọ mẹ́rin la jẹ́, mẹ́ta wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀kan wà ní Ìbàdàn. A ti fẹnu kò pé a ò ní náwó sórí ayẹyẹ ìrántí ọdún kan, pé fáúndéṣọ̀n la fẹ́ dá sílẹ̀ lórúkọ rẹ̀ fún àwọn ọmọ tí òbí wọn ò lówó lọ́wọ́. Tá a bá da tiwa pọ̀ mọ́ ti àwọn ọ̀rẹ́, a lè rí £6,000 lọ́dún.

Ibi tí ìjà wà nìyí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní yàrá kọ̀ǹpútà la máa kọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí Màámi ti ṣiṣẹ́, ká kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri. Àbúrò mi obìnrin ní ká pín báàgì, ìwé àti bàtà fún ọmọ 300. Èmi ní ká wá ọmọ márùn-ún tó mọ̀wé jù, ká rán wọn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tó dáa. Ti Ìbàdàn ní gbogbo wa ò mọ ohun tá à ń sọ, pé iṣẹ́ ìjọba ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, tẹ́ ẹ sì ń bá àwọn ọmọ yìí lò, èwo ló ń ṣiṣẹ́? Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí, ẹ má fi epo ra á fún mi.

*

MÀMÁ LẸ́SÌNÌ:

Ọlọ́run á tẹ́ Màmá sí afẹ́fẹ́ rere. Tísà ìjọba fún ọdún 31, orúkọ yẹn ò ṣeé fi ṣeré.

Èmi náà ṣe tísà fún ọdún 22 l'Ékòó. Ọdún keje rèé tí mo ti ń ṣe lẹ́sìnì Sátidé fún àwọn ọmọ àdúgbò nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan lẹ́bàá Ìdí-Òró, owó àjọ aláàánú kékeré kan la sì fi ń gbọ́ bùkátà rẹ̀.

Báàgì ni mo máa kọ́kọ́ mú, torí mo mọ̀ pé òun ló máa borí nínú ìpàdé yín. Ó rọrùn. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni: ẹ ya fọ́tò, ẹ jẹ ráìsì, ẹ wọ bàlúù padà. Lọ́dún tá a bẹ̀rẹ̀, báàgì 120 la pín ní oṣù Kẹsàn-án, orúkọ àjọ wa gàdàgbà lẹ́yìn rẹ̀. Kérésìmesì ò tíì dé tí mo lọ ra ata ní Ojúwóyè, mo bá rí báàgì wa lọ́rùn ìyá alálùbọ́sà kan, ó ń kó owó ọjà sí i. Inú bí mi. Mo ní níbo lẹ ti rí báàgì yìí? Ó ní ọmọ òun ló ni ín. Ọmọ náà sì nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ń ṣa àlùbọ́sà tó ti jẹrà sọ́tọ̀, ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè. Ilé-ẹ̀kọ́ ti lé e padà: owó ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, owó ìdánwò, àti àga tí wọ́n ní kó gbé wá láti ilé. Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ ò tó iye tá a san fún ẹni tó ran orúkọ wa sára báàgì.

Báàgì fúnra rẹ̀ ò ṣẹ̀. Ọmọ tí bàtà rẹ̀ já máa ń sá fún ilé-ẹ̀kọ́, ojú ń tì wọ́n, pàápàá àwọn ọmọbìnrin tó ti ń dàgbà. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tó ń dá ọmọ padà sílé. Ẹ má sì bi hedimásítà nìkan o. Ẹ bi ìyá alálùbọ́sà.

*

MÀMÁ LẸ́SÌNÌ:

Mo rí i pé àwọn mẹ́ta kan lára ẹ̀yin tó ń dáhùn níbí ti gbè sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n yín: ayé kọ̀ǹpútà la wà, bí ọmọ Múṣín ò bá mọ̀ ọ́n, ó ti gbé. Mo gbọ́. Ẹ jẹ́ n mú yín wọ yàrá kọ̀ǹpútà kan tí mo mọ̀.

Àjọ kan ló kọ́ ọ. Wọ́n gé rìbọ́ńnì, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà 20 sílẹ̀. Ní ọdún kejì mo yà síbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ hedimásítà, hedimásítà wà ní ìpàdé. Nígbà tó dé tó ṣílẹ̀kùn, ọ̀rá tí wọ́n fi bò wọ́n láti ṣọ́ọ̀bù ṣì wà lára mẹ́fà nínú wọn. Iná ò sí. Jẹnẹrétọ̀ wà, ṣùgbọ́n owó epo ò sí nínú ìṣirò ẹnikẹ́ni. Eku ilé sì ti gé wáyà eku kọ̀ǹpútà. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Síbẹ̀ mi ò ní pa irọ́ mọ́ kọ̀ǹpútà. Wọ́n ti gbé e sórí ìwọ̀n rí ní Íńdíà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000. Àjọ kan tó ń jẹ́ Pratham, tó bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ àdúgbò tálákà ní Mumbai, dán nǹkan méjì wò. Èkíní, wọ́n gba àwọn ọmọbìnrin àdúgbò tó ti jáde ìwé girama, tí wọ́n ń pè ní balsakhi, ìyẹn ọ̀rẹ́ ọmọdé. Dọ́là 10 sí 15 ni owó oṣù wọn. Iṣẹ́ wọn ni láti mú bí ọmọ 20 tó ti rẹ̀yìn jáde kúrò nínú kíláàsì fún wákàtí méjì lójúmọ́, kí wọ́n kọ́ wọn ní ìwé kíkà àti ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀. Èkejì, ní ìlú Vadodara, wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ máa fi kọ̀ǹpútà ta ayò ìṣirò fún wákàtí méjì lọ́sẹ̀, ọmọ méjì sí kọ̀ǹpútà kan. Ìjọba ìpínlẹ̀ Gujarat ló ti pín kọ̀ǹpútà wọ̀nyẹn tẹ́lẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ló sì jókòó láìsí ẹni tó ń lò ó. Ṣé ẹ rí i pé eku tiwa nìkan kọ́.

Abhijit Banerjee àti Esther Duflo, tí wọ́n wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ti ètò ọrọ̀ ajé ní 2019, wà nínú àwọn tó ṣèwọ̀n rẹ̀. Méjèèjì ló ṣiṣẹ́. Ti kọ̀ǹpútà tiẹ̀ gbé ìṣirò àwọn ọmọ ga ju ti balsakhi lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé owó tó wọlé sí i yẹ̀ wò, àwọn ọmọbìnrin olówó oṣù kékeré yẹn ló mú èrè wá jù fún iye owó tí wọ́n ná.

Nítorí náà, ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé kó má kọ́ yàrá. Bí kọ̀ǹpútà bá wà nílẹ̀ tó ti eruku, ẹ san owó ẹni tí yóò máa ṣílẹ̀kùn rẹ̀ lójoojúmọ́. Orúkọ Màmá ò ní sí lára ògiri, ó dùn mí fún yín.

*

MÀMÁ LẸ́SÌNÌ:

Ti Ìbàdàn tó ní iṣẹ́ ìjọba ni, ẹ má pè é lálátakò, òótọ́ ló ń sọ. Ní January 17, 1955 tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, Múṣín náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó ò mọ èyí. Èkó ìlú fúnra rẹ̀ wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀, àmọ́ Múṣín, Àgége, Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì, abẹ́ Ìbàdàn ni wọ́n wà títí tí wọ́n fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967. Nígbà tí Jákàǹdè di gómìnà Èkó ní 1979, ọmọ pọ̀ débi pé àwọn kan ń lọ láàárọ̀, àwọn kan ń lọ lọ́sàn-án. Ó kọ́ kíláàsì gbọọrọ gbọọrọ, ó fòpin sí i. Àwọn alátakò ní ilé adìẹ ló kọ́. Nínú ilé adìẹ yẹn lèmi ti kẹ́kọ̀ọ́, ẹ bá mi kí wọn.

Òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tọdún 2004 sì sọ ọ́ kedere: ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti mẹ́ta àkọ́kọ́ girama, ọ̀fẹ́ ni, ọ̀ranyàn ni. Wọ́n kọ owó ìtanràn òbí tí kò bá rán ọmọ lọ sínú rẹ̀. Wọ́n kọ ìyà ẹni tó bá gbowó lọ́wọ́ òbí sínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ wá lọ bi ìyá alálùbọ́sà bóyá ó ti rí ẹni tí wọ́n fi èkejì yẹn mú rí.

Ibi tí mo ti yapa sí ti Ìbàdàn ni pé ọmọ ò lè dúró. Ọmọ tó wà ní kíláàsì kẹrin lónìí, bí ìjọba bá tún gbogbo rẹ̀ ṣe ní ọdún mẹ́fà sí i, ó ti di ọmọṣẹ́ ní Ládípọ̀ nígbà yẹn, ó ń tú ẹ́ńjìnnì. Owó fáúndéṣọ̀n kò tó láti ṣe iṣẹ́ ìjọba. £6,000 ò ní kan òrùlé ilé-ẹ̀kọ́ kan. Ohun tó lè ṣe ni kó dí ihò tí ọmọ ń gbà jábọ́ lọ́dún yìí. Kẹ́ ẹ sì rántí pé àjọ tó bá gba iṣẹ́ ìjọba ṣe pátápátá ń ran ìjọba lọ́wọ́ láti sùn. Ẹ san owó ìdánwò ọmọ, kẹ́ ẹ tún bá ẹgbẹ́ òbí kọ lẹ́tà pé kí ló dé tí wọ́n ń gbà á.

*

MÀMÁ LẸ́SÌNÌ:

Ẹnì kan béèrè nísàlẹ̀ pé ìhò wo gan-an. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́.

Ọmọbìnrin kan wá bá wa ní Sátidé kan, ọmọ ọdún 11, kíláàsì karùn-ún, yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ mọ́ tónítóní. Mo ṣí ìwé kíláàsì karùn-ún fún un. Ó kà á gbáà, láìdúró. Ó dùn mọ́ mi. Mo wá fi ọwọ́ bo àwòrán tó wà lókè, mo ní kó tún kà á. Ohun kan náà ló tún sọ, àmọ́ ìka rẹ̀ wà ní ìlà mìíràn. Ó ti há a sórí láti ẹnu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Mo kọ "bàbá" sára pátákó. Ó wò ó. Ó wò mí. Ó ní, "Màmá, wọn ò tíì kọ́ wa ní ìyẹn."

Ọdún márùn-ún ló ti ń jí ní aago márùn-ún àárọ̀, tó ń pọnmi, tó ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Tísà rẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ o. Mo mọ̀ ọ́n. Ọmọ 70 ló wà níwájú rẹ̀, ìwé kíláàsì karùn-ún ni wọ́n ní kó kọ́ wọn, ìyẹn náà ló ń kọ́. Bó bá dúró de ẹni tí kò mọ A, alábòójútó á bi í pé ibo lo kà dé.

Ohun tá à ń ṣe ní Sátidé ni pé a ò wo kíláàsì ọmọ rárá. Bó bá wọlé, á ka nǹkan fún wa. Ẹni tí kò mọ lẹ́tà jókòó síbí, ẹni tó mọ lẹ́tà tí kò lè so ó pọ̀ jókòó sọ́hùn-ún, ẹni tó lè ka gbólóhùn kan wà lẹ́bàá fèrèsé. Ọmọ ọdún mẹ́jọ lè wà níwájú ọmọ ọdún 12. Inú máa ń kọ́kọ́ bí àwọn ńlá, wọ́n á fẹ́ lọ. A wá rí i pé tá a bá fún wọn ní ṣọ́ọ̀kì kí wọ́n máa bá wa kọ lẹ́tà sára pátákó, wọ́n á dúró. Àwọn tó ń kọ́ wọn ni àwọn ọmọbìnrin àdúgbò tó ń dúró de JAMB, mẹ́rin ni wọ́n, owó ọkọ̀ àti owó oṣù kékeré là ń fún wọn. Ọmọbìnrin yẹn lo oṣù mẹ́jọ kó tó ka ojú ìwé kan tí kò rí rí.

Ojú ìwé kan ni o. Kò tíì di dókítà. Mo ń sọ ọ́ kẹ́ ẹ lè mọ iye àsìkò tó ń gbà.

*

MÀMÁ LẸ́SÌNÌ:

Ọ̀rọ̀ ti yà sí èdè. Ẹni tó ní "ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ wọn kí wọ́n lè bá ayé dọ́gba" ti gba ìyìn 40. Èmi ò yìn ín.

Ní 1970, Bàbá Fáfúnwá, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ètò ẹ̀kọ́, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì wà gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ yẹn ò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n tún mókè nínú àwọn iṣẹ́ yòókù. Ìjọba àpapọ̀ fi èdè abínibí sínú ìlànà ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 2022, wọ́n tún wá fagi lé e ní 2025. Bí wọ́n ṣe ń fà á nìyẹn. Fáúndéṣọ̀n ò nílò àṣẹ kankan láti fi Yorùbá kọ́ ọmọ kan ní lẹ́tà ní Sátidé. Ọmọ tó bá ti mọ bí "b" àti "a" ṣe ń di "ba", ó ti mọ̀ ọ́n fún Gẹ̀ẹ́sì náà.

Àmọ́ o, ẹ má rò pé gbogbo ọmọ Èkó ló ń sọ Yorùbá nílé. Ní Mákòkó, Ẹ̀gùn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn kan tún gbọ́ Faransé torí pé ìdílé wọn nasẹ̀ dé Kútọnú. Tẹ́ ẹ bá gbé ìwé Yorùbá lọ síbẹ̀ láìbèèrè, ohun kan náà lẹ ṣe tí Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún ọmọ Múṣín.

Mo dárúkọ Mákòkó tán, ó di dandan kí n sọ ti ilé-ẹ̀kọ́ orí omi. Kúnlé Adéyẹmí àti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ NLÉ ló ya àwòrán rẹ̀, wọ́n parí rẹ̀ ní 2013: alájà mẹ́ta, igi àti oparun, lórí àgbá oníke bí 250. Gbogbo ayé wá ya fọ́tò rẹ̀. Ní June 2016, òjò ńlá kan rọ̀, ó wó. Ọpẹ́ ni pé àwọn ọmọ ti kúrò nínú rẹ̀ ṣáájú. Èmi ò bá wọn fi í ṣẹ̀sín, ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yẹn padà sí ilé-ẹ̀kọ́ kékeré tó ti wà níbẹ̀ kí ilé onífọ́tò tó dé. Òun náà sì ló kù nígbà tí fọ́tò lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ohun tó ti ń ṣiṣẹ́ ní àdúgbò, bó ti wù kó rí játijàti, ẹ bá a lọ. Àjọ Slum2School tí Otto Orondaam dá sílẹ̀ ní 2012 bẹ̀rẹ̀ ní Mákòkó yìí kan náà, ohun tó kọ́kọ́ lé ni pé kí ọmọ wọ ilé-ẹ̀kọ́ tó wà.

*

MÀMÁ LẸ́SÌNÌ:

Ó kan ìwọ Ọmọ Tísà fúnra rẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mo ti ń pè yín ní ìwọ. Ọmọ márùn-ún tó mọ̀wé jù.

Ta ni yóò yàn wọ́n? Bẹ́ ẹ bá ṣe ìdánwò, ẹni tó máa yege ni ọmọ tí ẹnì kan ti ń kọ́ nílé: ọmọ tísà, ọmọ pásítọ̀, ọmọ ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ ìyá alálùbọ́sà ò ní gbọ́ pé ìdánwò wà. Mo ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ irú ẹ̀ rí, ọmọ alága àdúgbò ló gbapò kejì, kò sì sí màkàrúrù kankan níbẹ̀, ọmọ náà mọ̀wé lóòótọ́.

Èkejì, owó ilé-ẹ̀kọ́ nìkan kọ́ ni ìnáwó ọmọ. A gba ọmọbìnrin kan sí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan tó dáa, ó ń lọ, ó ń mókè. Ní JSS2 ó dáwọ́ dúró. Owó ọkọ̀ lójúmọ́ ni, àti ọjọ́ aṣọ àwọ̀, àti ìgbafẹ́ kíláàsì, àti pé gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ra oúnjẹ lásìkò ìsinmi tí òun ń lọ mu omi. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àbúrò rẹ̀ ló sọ fún wa lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ẹ̀bi wa ni. Owó wà lọ́wọ́ wa, ẹni tí yóò máa bá a sọ̀rọ̀ lóṣooṣù ni a ò ní.

Àwọn kan máa ní, "Ṣebí Tunde Onakoya fi ayò chess gbé ọmọ dìde láti àdúgbò tálákà?" Òótọ́ ni, mo sì kan sáárá sí i. Ó dá Chess in Slums sílẹ̀ ní 2018, ó ta ayò fún wákàtí 60 ní Times Square, New York, ní April 2024 láti fi wá owó ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò níbẹ̀ ni pé gbogbo ọmọ tó bá wá ló ń jókòó sídìí ayò. Kò ní kí wọ́n mú ẹni tó gbọ́n jù wá. Àwọn tó gbọ́n jù yọjú fúnra wọn nígbà tó yá, nígbà náà lẹ wá lè ràn wọ́n lọ́wọ́ dé yunifásítì. Ẹ ṣe tiyín bẹ́ẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 40.

*

MÀMÁ LẸ́SÌNÌ:

"Ọ̀fẹ́ kì í níyì, ẹ jẹ́ kí òbí san díẹ̀." Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo ka èyí láti àárọ̀.

A gbìyànjú ẹ̀. Náírà 100 lọ́jọ́ Sátidé kan, ní ọdún kẹta wa. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ọmọ 11 ò wá mọ́. Mo lọ ilé wọn níkọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ti rẹ̀yìn jù ni mẹ́sàn-án nínú wọn. Owó díẹ̀ yẹn ti bá wa yọ àwọn tá a torí wọn dá a sílẹ̀ kúrò. A fagi lé e.

Síbẹ̀, ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn ò ṣì í tán. Òbí tó bá fi nǹkan sílẹ̀ máa ń bèèrè nǹkan. Ní Ajégúnlẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ Morit gbà kí òbí máa kó ike omi àti ike mínírà wá dípò owó ilé-ẹ̀kọ́, African Clean Up Initiative ló bá wọn ṣètò rẹ̀, ìròyìn rẹ̀ tàn káàkiri ní 2019. Ike tó kún gọ́tà di owó. Tiwa ò tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá ló ń pín iṣẹ́ oúnjẹ ṣe: ìyá méjì lọ́sẹ̀ kan, à ń ra ẹ̀wà àti gàrí, wọ́n ń sè é. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń wá sídìí ààrò lẹ́yìn gbọ̀ngàn ni wọ́n ti ń yọjú lójú fèrèsé wo ohun tí ọmọ wọn ń ṣe. Ọ̀kan nínú wọn ti ń kọ́ lẹ́tà tirẹ̀ báyìí, ó ní kí n má sọ fún ọkọ òun.

Oúnjẹ yẹn ẹ má yọ ọ́ o. Ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ ọ̀fẹ́ fún kíláàsì kìíní sí ìkẹta ní 2016, ₦70 lórí ọmọ kan. Ètò yẹn ò kan kíláàsì karùn-ún. Ebi ò mọ kíláàsì.

*

ỌMỌ TÍSÀ:

Mo ti fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹbí wa. Ẹ̀gbọ́n mi ti dákẹ́, ìyẹn ò wọ́pọ̀. Ẹ ṣeun, Mà. Ó ku ìbéèrè mẹ́ta: báwo la ṣe máa pín £6,000? Ṣé dandan ni ká forúkọ sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù níbí? Àwọn ọ̀rẹ́ wa tó ń dáwó fẹ́ rí fọ́tò, kí la máa fún wọn?

*

MÀMÁ LẸ́SÌNÌ:

Ti fọ́tò ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀, torí ó ń bí mi nínú. Ẹ má to ọmọ jọ kí wọ́n gbé páálí "A dúpẹ́ o" dání. Ọmọkùnrin kan wà ní àdúgbò wa tí fọ́tò rẹ̀ lọ sórí Facebook pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tó ya, wọ́n kọ "ọmọ òpópónà" sábẹ́ rẹ̀. Ọmọ òpópónà kọ́. Ó ní bàbá, bàbá rẹ̀ ń tún táyà ṣe. Bàbá náà rí i lórí fóònù oníbàárà rẹ̀. Kò jẹ́ kí ọmọ wá mọ́, mi ò sì dá a lẹ́bi. Ẹ fi ìwé tí ọmọ kọ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ yín: ti January àti ti July, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, láìsí orúkọ. Ẹni tó bá rí méjèèjì á tún dáwó. Bẹ́ ẹ bá máa ya ojú ọmọ, kí òbí fọwọ́ sí i lórí ìwé. Kí àgbàlagbà méjì sì máa wà nínú gbọ̀ngàn ní gbogbo ìgbà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọ, ìbáà ṣe pásítọ̀, ìbáà ṣe èmi.

Ìforúkọsílẹ̀: àjọ aláàánú ní England tí owó tó ń wọlé fún un bá ti lé ní £5,000 lọ́dún gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Charity Commission, ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó àjọ aláàánú níbẹ̀. Ẹ ti kọjá ẹ̀. Kò burú, torí tí HMRC, ìyẹn àwọn agbowó orí ìjọba níbẹ̀, bá ti mọ̀ yín, ètò tí wọ́n ń pè ní Gift Aid á fi pẹ́ńsì 25 kún pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan tí ẹni tó ń san owó orí bá dá. Nílé níbí, ọ̀dọ̀ CAC, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti àjọ sílẹ̀, lẹ máa lọ. Àmọ́ ní ọdún àkọ́kọ́, ẹ lè má dá nǹkan kan sílẹ̀ rárá, kẹ́ ẹ gba ọ̀dọ̀ àjọ tó ti wà níbẹ̀ kọjá. Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń fẹ́ orúkọ Màmá. Ẹ fi sọ lẹ́sìnì.

Owó: ẹ mú £1,500 sọ́tọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn lọ́dún yìí. Ìdí rẹ̀ ni pé ní ọdún kẹta, ọ̀rẹ́ á ti sú, pọ́n-ùn á ti lọ sókè sódò, ọmọ kan á sì wà tó kù díẹ̀ kó yege. Nínú èyí tó kù, èyí tó pọ̀ jù jẹ́ ti àwọn tó ń kọ́ ọmọ, ẹ san án lásìkò, ẹ má jẹ́ kí wọ́n bẹ̀ yín. Lẹ́yìn náà oúnjẹ. Lẹ́yìn náà àpò kékeré kan lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán ní àdúgbò, fún owó ìdánwò, bàtà, àga, ìwòsàn ibà, ohun tó bá fẹ́ lé ọmọ padà sílé ní Túsìdeè. Kí ó máa kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹlòmíràn máa yẹ̀ ẹ́ wò. Bí nǹkan bá ṣẹ́ kù, ẹ ra ìwé ìtàn, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ má fi kọ́bọ̀ kankan ránṣẹ́ báyìí. Mo rí i pé ẹ̀ ń bọ̀ nílé ní oṣù Kejìlá. Ẹ wá ní Sátidé, aago mẹ́sàn-án, kẹ́ ẹ jókòó lẹ́yìn, kẹ́ ẹ má sọ̀rọ̀. Àbúrò yín tó fẹ́ báàgì, ẹ mú un dání, mo ní ìyá kan tí mo fẹ́ kó bá sọ̀rọ̀ ní Ojúwóyè. Tẹ́ ẹ bá sì ń wá nǹkan tẹ́ ẹ máa gbé dání, ẹ ra ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ páálí méjì, àwọn ńlá ti lo tiwa tán.